Okùn, Bàsíà Omi àti Ìlù Gángan: Bí A Ṣe Lè Fi Han Ọmọ Pé Agbára Ni Ìgbì Ń Gbé

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó lè ka ìtumọ̀ ìgbì láìsí àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó kúrò níbì kan dé ibòmíràn gan-an nígbà tí ìgbì bá kọjá, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn á ní omi ni ó rìn, tàbí afẹ́fẹ́, tàbí okùn. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà. Agbára ni ó rìn. Omi, afẹ́fẹ́ tàbí okùn tí agbára náà gbà kọjá kàn mì ní àyè rẹ̀ ni, ó sì padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ físíìsì láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti rí i pé àlàyé ẹnu nìkan kò lè mú kí òye yìí wọ ọmọ lára. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kàn án. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìlànà yìí fún òbí àti fún olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní yàrá àyẹ̀wò. Ohun tí a nílò kò ju okùn ìsáṣọ tí ó rọ̀, tí ó sì gùn tó mítà 5 tàbí 6 lọ, pẹ̀lú àkísà pupa kékeré kan, bàsíà ńlá kan, ewé gbígbẹ díẹ̀, agolo mílíìkì méjì tí a ti lò tán, òwú, ẹ̀kún ọwọ́ ìrẹsì tútù kan, àti ìlù gángan bí a bá mọ ẹni tí ó lè yá wa. Bí ìlù kò bá sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró, nítorí mo máa sọ ohun tí a lè fi dípò rẹ̀.

Ẹ fi ara àwọn ọmọ gan-an bẹ̀rẹ̀

Ẹ to ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sórí ìlà kan, kí olúkúlùkù gbé ọwọ́ méjèèjì lé èjìká ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ẹ wá ní kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá rọra ti ẹni iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí a tì á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á ti ẹni tí ó kàn, òun fúnra rẹ̀ á sì padà dúró gbọnin. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹni iwájú pátápátá á ti mọ ìtì náà lára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kankan tí ó kúrò ní ìdúró rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tò sórí ìlà ní ibùdókọ̀ ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni tí ó tì wá kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn wa gan-an, ìtì náà ti ọ̀nà jíjìn wá ni.

Báyìí gan-an ni ohùn ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Ìmìtìtì náà ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, lórí ìlà kan náà tí ìgbì ń tọ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń pè é ní longitudinal. Oríṣi kejì ni èyí tí a ń pè ní transverse, nínú èyí tí ìmìtìtì náà ń dábùú ọ̀nà tí ìgbì ń tọ̀. Láti fi èyí hàn, kí àwọn ọmọ kan náà yí padà kí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹni àkọ́kọ́ na ọwọ́ sókè kí ó sì sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹni kejì ṣe bẹ́ẹ̀ ní kété tí ó bá rí ti ẹni àkọ́kọ́, títí dé ẹni ìkẹyìn. Ọwọ́ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbì ń lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe pẹ́ lórí eléyìí, nítorí okùn máa fi hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Okùn àti àkísà pupa

Ẹ so orí okùn kan mọ́ irin fèrèsé tàbí òpó, ẹ so àkísà pupa náà mọ́ agbedeméjì okùn, kí ẹ sì di orí kejì mú lọ́wọ́, kí okùn náà má le jù, kí ó má sì wọ́ nílẹ̀. Ẹ ju ọwọ́ sókè-sódò lẹ́ẹ̀kan péré. Okùn á wú bí iké ràkúnmí ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yín, iké náà á sì sáré lọ títí dé òpó. Kí ẹ tó ṣe é ni kí ẹ ti sọ fún ọmọ pé kí ó má ṣe wo iké náà rárá, àkísà pupa nìkan ni kí ó tẹ ojú mọ́. Ó máa rí i pé àkísà náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró sí agbedeméjì okùn tí ó wà. Kò sún mọ́ òpó pẹ̀lú ìka kan. Ẹ ṣe é ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, nítorí ní ìgbà àkọ́kọ́, ojú ọmọ á tẹ̀ lé iké náà láìfẹ́, bí a tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún un.

Báwo wá ni a ṣe mọ̀ pé ohun kan kúrò lọ́wọ́ wa dé ìdí òpó? Níbí ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù lọ wà. Ẹ tẹ́ okùn náà sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó ń dán, kí ẹ gbé agolo òfìfo kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ okùn, ní nǹkan bíi mítà kan sí òpó, kí okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ju ọwọ́ sí, ní ìhà ibi tí agolo wà. Iké náà á rá lórí ilẹ̀ bí ejò tí ó ń sá lọ, á dé ọ̀dọ̀ agolo, agolo á sì ṣubú kan-an. Ẹ bi ọmọ pé: ta ni ó ti agolo ṣubú? Ọwọ́ wa kò kàn án, ó jìnnà sí i tó mítà mẹ́rin. Okùn tí ó kàn án sì ti wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí ó ti agolo ṣubú ni agbára tí ó kúrò ní apá wa, tí okùn fi ránṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn lára rẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe iṣẹ́ ni à ń pè ní agbára nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ìṣubú agolo sì ni iṣẹ́ tí ó ṣe. Ọmọ kan tí mo kọ́ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ẹ̀bà tí òun jẹ lọ́sàn-án ni ó ti agolo náà ṣubú, mo sì gbà fún un pátápátá, nítorí oúnjẹ inú rẹ̀ ni ó di agbára apá rẹ̀.

Ẹ fi okùn kan náà wo ohun mẹ́ta mìíràn.

Èkíní ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí òpó. Ìgbì kì í kú síbẹ̀, ó ń padà bọ̀, bí ó bá sì ń padà bọ̀, iké tí ó lọ ní òkè á bọ̀ ní ìsàlẹ̀. Bí okùn ṣe fẹ́ gbé òpó sókè, tí òpó kò sì ṣeé gbé, òpó fa okùn náà wálẹ̀ padà pẹ̀lú ipá kan náà. Gbohùngbohùn tí a ń gbọ́ ní ẹ̀gbẹ́ àpáta ń ti inú irú ìpadàbọ̀ yìí wá.

Èkejì ni eré tí ìgbì ń sá. Ẹ ju ọwọ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì tún ju ọwọ́ tagbára-tagbára, láìfa okùn le sí i. Iké kejì á ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì á dé òpó láàárín àkókò kan náà. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé bí a bá ta nǹkan le, á yára. Ẹ wá fa okùn náà le, kí ẹ tún ju ọwọ́ bí ti àkọ́kọ́: ìgbì á sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tí ìgbì gbà kọjá ni ó ń sọ bí ó ṣe máa yára tó, kì í ṣe ẹni tí ó rán an. Bí a bá fa okùn le ní ìlọ́po mẹ́rin, eré ìgbì á di ìlọ́po méjì. Bí okùn bá sì wúwo sí i, eré náà á dín kù.

Ẹ̀kẹta ni bí agbára ṣe tan mọ́ gíga ìgbì. Bí iké kan bá ga ní ìlọ́po méjì ju òmíràn lọ, tí gbogbo nǹkan tó kù sì rí bákan náà, agbára tí ó gbé kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Bí ó bá ga ní ìlọ́po mẹ́ta, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ ní kí ọmọ máa ju okùn náà léraléra fún ìṣẹ́jú kan ní ìwọ̀n gíga ọwọ́ kan, lẹ́yìn náà kí ó ṣe é ní ìlọ́po méjì gíga yẹn pẹ̀lú iye ìjù kan náà. Apá rẹ̀ á sọ fún un pé iṣẹ́ náà ti le ju ìlọ́po méjì lọ.

Nígbà tí ọmọ bá ń ju okùn léraléra báyìí, ẹ kọ́ ọ ní ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀: ẹ ka iye ìgbì tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ wo bí orí ìgbì kan ṣe jìnnà sí orí ìgbì tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì sọ méjèèjì di púpọ̀. Bí ìgbì méjì bá ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà kan àbọ̀, eré tí wọ́n ń sá jẹ́ mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bàsíà omi, títí dé òkun

Ẹ gbé bàsíà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́, ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí omi náà tòrò. Ẹ fi ewé gbígbẹ kékeré kan lé e lórí. Ẹ ti ìka bọ omi, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣoṣo já sínú bàsíà, ní ibi tí ó jìnnà sí ewé. Òrùka omi á tàn káàkiri, á gba abẹ́ ewé kọjá, ewé á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè fì síwá-sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá òrùka náà lọ sí etí bàsíà.

Àṣìṣe tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń ṣe níbí ni pé wọ́n ń sọ òkúta ńlá lu omi. Òkúta á ta omi dànù, á ti ewé lọ ní tòótọ́, ọmọ á sì gbé òye tí kò tọ̀nà lọ sílé. Àṣìṣe kejì ni bàsíà tí ó kéré jù: kí òrùka àkọ́kọ́ tó kọjá, èyí tí ó ti etí bàsíà padà bọ̀ á ti dàrú mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní agbada ìwẹ̀ ọmọ, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ tún kíyè sí i pé bí òrùka náà ṣe ń fẹ̀ sí i ni ó ń rẹlẹ̀ sí i. Agbára tí ẹ̀kán omi náà fún un kò pọ̀ sí i lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àyíká tí ó gbọ́dọ̀ pín in yí ká ń tóbi sí i, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ìkòkò ọbẹ̀ kan bọ́ àlejò tí ó ń pọ̀ sí i. Ohùn tí ń tàn káàkiri nínú afẹ́fẹ́ tètè ń rẹlẹ̀ ju èyí lọ, nítorí òkè, ìsàlẹ̀ àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni ó ń tàn sí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá jìnnà sí orísun ohùn ní ìlọ́po méjì ní gbangba, agbára tí ó ń dé etí wa á di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú bàsíà yìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní etíkun Èkó. Púpọ̀ nínú àwọn ìgbì gígùn tí ń wọlé wá fọ́ síbẹ̀ ni ìjì bí ní ìhà gúúsù òkun Atlantic, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa. Omi ìhà ibẹ̀ kọ́ ni ó dé Èkó, agbára ìjì náà ni. Ìgbà tí ìgbì bá dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà: ẹsẹ̀ ìgbì á máa falẹ̀ nítorí ilẹ̀ tí ó ń kàn, orí rẹ̀ á ga, á tẹ̀ síwájú, á sì dà wó. Ní ibẹ̀ nìkan ni omi fúnra rẹ̀ ti ń ya lọ síwájú, tí ó ń wọ́ iyanrìn, tí ó sì lè gbé ènìyàn ṣubú. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, iyanrìn tí ìgbì ń wọ́ bọ̀ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn ti ń há sí ẹ̀yìn ògiri náà, òkun sì jẹ etíkun Bar Beach tí ó wà ní ìhà kejì wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ tí ó ti agolo ṣubú lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni, bí ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti agolo lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wé ara.

Bí àwọn ọmọ bá dàgbà tó, ẹ sọ ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004 fún wọn, nígbà tí ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun lẹ́bàá Sumatra ní orílẹ̀-èdè Indonesia, tí ó sì bí ìgbì ńlá. Ní ibi tí òkun ti jìn tó mítà 4,000, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń sáré tó 700 kìlómítà ní wákàtí kan, eré bàálù ńlá ni ó kù díẹ̀ kí ó bá, síbẹ̀ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lójú agbami lè má mọ̀ pé ó gba abẹ́ òun kọjá, nítorí kò ga níbẹ̀. Ìgbà tí ó dé èbúté ni ó dìde. Ní nǹkan bíi wákàtí 7 lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, ó dé Somalia ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì pa ènìyàn níbẹ̀. Àwọn tí ó kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó dé ju 220,000 lọ. Kò sí omi kan tí ó lè sáré láti Sumatra dé Somalia ní wákàtí 7. Agbára lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlù gángan àti ìrẹsì

Gbogbo wa ni a mọ àlọ́ tí ó ní, ó ń lọ sí Ọ̀yọ́, ó kọjú sí Ọ̀yọ́, ó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, ó kọjú sí Ọ̀yọ́. Ìlù gángan ni, nítorí ojú méjì ni ó ní. Ojú méjì yẹn ni a fẹ́ lò.

Ẹ ní kí ẹnì kan di ìlù náà mú lóòró, kí ojú kan kọ sí òkè, kí èkejì kọ sí ilẹ̀. Ẹ wọ́n ìrẹsì tútù mẹ́wàá tàbí méjìlá sí ojú òkè. Ẹ fi kọ̀ǹgọ́ rọra lu ojú ìsàlẹ̀ láti abẹ́. Ìrẹsì orí rẹ̀ á fò. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ sún mọ́ ọn: kò sí ohun tí ó kan awọ òkè, síbẹ̀ ìrẹsì náà ń jó, ó ń ta sókè bí ẹ̀wà nínú epo gbígbóná, àwọn kan á sì já sílẹ̀. Awọ ìsàlẹ̀ ti afẹ́fẹ́ inú ìlù, afẹ́fẹ́ náà ti awọ òkè, ara igi àti ọṣán ìlù sì gbé díẹ̀ kọjá nínú agbára náà. Ọṣán kan náà ni ó fa awọ méjèèjì, nítorí náà ó rọrùn fún ọ̀kan láti gba ìmìtìtì èkejì. Bí a bá wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ awọ òkè mọ́lẹ̀, ìrẹsì á dúró, a ó sì mọ agbára náà lára àtẹ́lẹwọ́ wa bí ohun tí ó ń rìn wá ní yìnmìyìnmì.

Ẹni tí kò bá rí ìlù yá lè mú abọ́ jíjìn kan, kí ó na ọ̀rá sí ẹnu rẹ̀ kí ó le dáadáa, kí ó fi rọ́bà dè é, kí ó sì wọ́n iyọ̀ sí i. Bí a bá gbé abọ́ irin mìíràn sún mọ́ ọn, tí a sì fi ṣíbí lù ú kíkan, iyọ̀ á fò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tún na ojú rẹ̀ sí ibẹ̀, kí ó sọ bóyá atẹ́gùn fẹ́ lù ú. Kò ní rí nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Bí ìlù bá ń dún níbi tí ó jìnnà sí wa tó 50 mítà, èérún afẹ́fẹ́ ẹ̀bá etí wa ń mì síwá-sẹ́yìn ní ìwọ̀n tí kò tó ìbú fọ́nrán irun kan. Afẹ́fẹ́ tí onílù fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ síbẹ̀.

Ìlù gángan ń kọ́ni ní ohun kan tí mi ò rí ohun èlò yàrá àyẹ̀wò kankan tí ó lè kọ́ni dáadáa tó bẹ́ẹ̀, òun sì ni ìyàtọ̀ láàárín gíga ìgbì àti iye ìgbà tí ó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le sí i, á máa mì ní iye ìgbà tí ó pọ̀ jù, ohùn ìlù á sì gòkè láti dò sí re títí dé mí. Bí ó bá dẹ ọṣán sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Bí ó bá wá fi ọṣán sílẹ̀ bí ó ti wà, tí ó sì fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ gidigidi, ohùn kò gòkè ní pàtàkì, ariwo rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i: gíga ìgbì ni ó yí padà. Èdè wa gan-an lè ṣi ọmọ lọ́nà níhìn-ín. Bí a bá ní kí ọmọ gbóhùn sókè, ariwo ni a ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ Yorùbá bá dárúkọ ohùn òkè, iye ìmìtìtì ni, ó sì lè sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó pàdánù máàkì nínú ìdánwò nítorí pé wọ́n da méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ìlù náà fúnra wọn: ohùn òkè pẹ̀lẹ́, ohùn òkè kíkan, ohùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ kíkan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún ní dàrú mọ́ wọn lójú.

Ohun tí ó le, ohun tí ń ṣàn, àti ibi tí kò sí nǹkan kan

Ẹ dá ihò sí ìdí agolo mílíìkì méjèèjì, ẹ ti òwú tí ó gùn tó mítà 10 bọ̀ ọ́, ẹ ta kókó sí i nínú, kí ọmọ méjì sì fà á le. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú ọ̀kan, èkejì á gbọ́ ọ. Bí òwú bá dẹ̀, tàbí bí ẹnì kan bá fi ìka mú un láàárín, ọ̀rọ̀ á gé. Ìdí tí ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fi jìnnà báyìí ni pé òwú kò jẹ́ kí agbára náà tàn káàkiri, ojú kan ni ó darí rẹ̀ sí.

Ohun tí èérún rẹ̀ so mọ́ra gírígírí ń tètè fi ìtì ránṣẹ́. Nínú afẹ́fẹ́ tí ó gbóná tó ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohùn ń sáré tó mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, ó tó mítà 1,480. Nínú irin, ó ju mítà 5,000 lọ. Jean-Daniel Colladon, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, wọn ti omi ní adágún Geneva ní ọdún 1826. Ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kan lóru, ó ti ẹnu fèrè ńlá kan bọ inú omi, ó sì fi etí sí ìdí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ kejì, tí ó jìnnà tó ohun tí ó ju kìlómítà 13 lọ, wọ́n ń lu aago tí ó wà lábẹ́ omi, ẹ̀tù sì ń bù yẹ̀rì ní àkókò kan náà. Ó ka àkókò tí ó wà láàárín iná tí ó rí àti aago tí ó gbọ́, ó sì rí mítà 1,435 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó bá ti irú omi tútù bẹ́ẹ̀ mu gan-an. Ẹ̀yin náà lè wo irú rẹ̀ ní ilé: kí ọmọ kan gbé etí lé irin àgbàlá, kí èkejì fi òkúta kékeré kan irin náà ní ìkangun kejì, pẹ̀lẹ́. Ohun tí etí kejì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nínú afẹ́fẹ́, etí tí ó wà lára irin á gbọ́ ọ ketekete.

Bí kò bá wá sí nǹkan kan rárá ńkọ́? Robert Boyle, ọmọ Ireland, ròyìn ní ọdún 1660 pé nígbà tí òun fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò kan tí aago wà nínú rẹ̀, ìró aago náà rẹlẹ̀ títí tí òun kò fi gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni aago ń ṣiṣẹ́. Ìtì kò rí ẹni tí yóò tì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ rò pé gbogbo ìgbì ni ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì rédíò kò nílò ohunkóhun láti gbà kọjá. Agbára oòrùn ń la nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà òfìfo kọjá ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 8 kí ó tó sá ẹ̀gẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ ti ìmọ́lẹ̀ tó odindi ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ fi mọ síbẹ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eré ìmọ́lẹ̀ àti eré ohùn ni a ń lò nígbà òjò. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá dúró níbi tí ẹ ti lè rí òde láti ojú fèrèsé. Bí mànàmáná bá kọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìṣẹ́jú àáyá títí tí àrá á fi sán. Ìmọ́lẹ̀ dé lójú ẹsẹ̀. Ohùn ni ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 3 lórí kìlómítà kan. Bí wọ́n bá ka 12, àrá náà jìnnà tó kìlómítà 4. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n kà sórí ìwé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n sì sọ fún yín bóyá òjò náà ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ.